Gìtá Ọlọ́wọ́ Òsì

Ọ̀sì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024.

Ilésanmí ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún, mo sì kí ọ kú òtútù, nítorí a gbọ́ pé ti ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún kì í ṣe eré. Ọyẹ́ ti dé síbí náà. Ètè gbogbo wa ti la, eruku sì ti bo ewé kajú débi pé o ò ní mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ara mi le, a dúpẹ́. Bọ́sẹ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ ń wá wò mí láti Ìlọ́fà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ni yóò fi fóònù rẹ̀ ya ìwé yìí, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Má bínú pé o ń pè mí, n kò gbé e. Fóònù mi kò gbọ́ràn mọ́, o sì mọ nẹ́tíwọ̀kì ibí. Ìwé kíkọ ló tẹ́ mi lọ́rùn báyìí. Nígbà tí bàbá tèmi wà ní Kánò, ìwé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, a kò sì sọ ara wa nù.

Kajú tanná dáadáa lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n a kì í lọ sí oko ọ̀nà jíjìn mọ́. Wọ́n ní àwọn ajínigbé wà nínú igbó. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ ń fi ẹ̀yìnkùlé ṣe oko.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Gìtá béèsì tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ tún un ṣe. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Ìlọrin tó ń jẹ́ Abdulkadir, òun ló ń bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tún gìtá ṣe. Mo fẹ́ kí ó yí okùn rẹ̀ padà, kí èyí tó wà lókè bọ́ sísàlẹ̀. Yóò gbẹ́ egungun pẹlẹbẹ tuntun sí orí ọrùn rẹ̀ níbi tí okùn ń gbà kọjá, yóò sì gé ìwo kan kúrò lára igi rẹ̀ kí ọwọ́ lè ráyè wọlé. Ìwọ lo fún mi, n kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án láì jẹ́ kí o gbọ́.

Tètè fún mi lésì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akọ́ládé.


Hull,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ sínú igbó yẹn. Inú mi dùn nígbà tí mo rí ìwé yín, ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, bí mo ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ gìtá, inú mi bàjẹ́, n kò ní purọ́ fún yín.

Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kan gìtá yẹn. Bóyá n kò ṣàlàyé tó nígbà tí mo fi ránṣẹ́. Bàbá òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Harold ló ni ín, nínú ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni gìtá náà máa ń wà nínú àpótí. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ti ṣe é, kí wọ́n tó bí mi, ẹnikẹ́ni kò tú síkúrù kan lára rẹ̀ rí. Ọ̀dà ara rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀, wáyà inú rẹ̀, bó ṣe jáde náà ló wà. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé bàbá mi ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Gbé e fún un. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú. Àwa òṣìṣẹ́ ilé náà la sin ín. Kò sí ẹbí kan níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ rí gìtá náà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ṣebí ẹ̀yin lẹ pè mí lórí fóònù tí ẹ ní ohùn rẹ̀ dà bí ohùn àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń sọ? Kí ló wá yí padà? Ṣé Wisdom àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ló ń kó èrò yìí sí yín lórí? Ohun gbogbo ni wọ́n fẹ́ tú, wọn kì í mọ̀ ọ́n tò padà. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ẹ máa gé, n ó wá òmíràn fún yín. Èyí kọ́.

Ẹ máa gbé fóònù, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín,
Ilésanmí.


Ọ̀sì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èrèlé, 2024.

Ilésanmí,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń ṣe ọ́ lóore níbẹ̀.

N kò ní gé e. Mo ti ní kí Bọ́sẹ̀dé gbé e padà sínú àpótí rẹ̀ kó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Nígbà tí o fi nǹkan yìí ránṣẹ́, ṣé o fún mi ni, àbí ńṣe lo ní kí n máa bá ọ tọ́jú rẹ̀? Bí a bá fún ènìyàn ní ewúrẹ́ tí okùn ọrùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni, a kò tíì fún un ní nǹkan kan. Òyìnbó yẹn ti lọ sinmi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi wà láyé. Ọ̀rọ̀ ta ló yẹ kí o gbọ́?

Wisdom kò rán mi níṣẹ́. N kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń kó èrò sí lórí.

Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń ṣe béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Má wá gìtá mìíràn fún mi.

Bàbá rẹ,
Akọ́ládé.


Hull,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Bọ́sẹ̀dé,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá. Ṣé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà?

Ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí nítorí Bàbá kò dá mi lóhùn mọ́. Lẹ́yìn ìwé líle tí wọ́n kọ sí mi, mo ti kọ méjì sí wọn láti fi bẹ̀ wọ́n, èsì kò dé. Mo ń pè, fóònù ń dún, ẹnìkan kì í gbé e. Bí mo bá pè yín tí mo ní kí ẹ gbé fóònù fún wọn, ẹ ó ní wọ́n ń sùn, ẹ ó ní wọ́n wà lóko. Oko wo? Ṣebí wọ́n ní àwọn kì í lọ sóko mọ́.

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ gìtá kọ́ ni kí bàbá àti ọmọ fi yan odì. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà bá mi wò ó: gìtá tó dára tó bẹ́ẹ̀, tí ń dún bí ó ṣe yẹ kí ó dún, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ yí okùn rẹ̀ padà sẹ́yìn? Ta ni ń ta gìtá bẹ́ẹ̀?

Àbúrò yín,
Ilésanmí.


Ìlọ́fà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Ilésanmí àbúrò mi,

Mo kí ọ. Àwọn ọmọ wà. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí tí mo fà á ya, nítorí mo ti ṣèlérí fún Bàbá. Lónìí n ó dalẹ̀ wọn, Ọlọ́run á foríjì mí.

O bèèrè pé ta ni ń ta gìtá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kú ni.

Oṣù Bélú tó kọjá ni. Wọ́n ń wọ ẹ̀wù láti lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ ìkórè, apá ẹ̀wù kan kò wọlé. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣubú lulẹ̀ ní yàrá. Ìgbà tí mo wọlé, ẹnu wọn ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Rọpárọsẹ̀ ni, àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Wọ́n pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ òsì ti ń rìn díẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ. Ọwọ́ òsì lè gbéra, àtàǹpàkò rẹ̀ sì lè lu nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn ìka yòókù kò lè tẹ okùn mọ́. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ ọ̀tún, òun náà ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló wúwo. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbé fóònù. Fóònù wọn kò bàjẹ́ rárá.

Wọ́n ní bí o bá gbọ́, wàá sá wálé, ìwé ìgbélùú tí ò ń retí lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ yóò sì ṣòfò. Wọ́n mú mi búra.

Ṣé o ti wá rí i báyìí? Wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ okùn, kí ti òsì máa fi àtàǹpàkò lù ú. Nígbà tí èrò yẹn wá sí wọn lọ́kàn, wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ní kí n bá wọn fá irùngbọ̀n. Ìwé rẹ wá dé, ìwé òyìnbó àti síkúrù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè jáde kí ìsìn tó parí. Wọn kò fẹ́ kí ènìyàn máa dì wọ́n mú dìde.

Inú ń bí mi sí ọ, n kò ní fi pamọ́. Mo sì mọ̀ pé o kò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bọ́sẹ̀dé.


Hull,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn wí.

N kò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo ń bá wọn na ọwọ́ tó ti rọ, tí mo ń dúró dè wọ́n kí wọ́n parí ọ̀rọ̀. Bàbá tèmi wà nílé ní irú ipò bẹ́ẹ̀, èmi sì ń kọ̀wé sí i lórí igi àti ọ̀dà. Kí ló dé tí ẹ fi pa á mọ́ fún mi? Ìwé ìgbélùú wo ló tó yín? Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ẹ gé e, Bàbá. Ẹ gé ibi tó bá wù yín. Ẹ ní kí Abdulkadir yí i bí ẹ ṣe fẹ́. Bí Harold bá wà láyé, èmi fúnra mi ni n bá bá a sọ ọ́.

Mo dúpẹ́ pé ẹ gbà kí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù Ẹ̀gbọ́n mi lónìí. Ó dùn mí pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yín dáadáa. N ó tún pè.

Ọmọ yín,
Ilésanmí.


Ọ̀sì,
Ọjọ́ kejì, oṣù Òkúdù, 2024.

Ilésanmí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo mọ̀ pé o ti ń retí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, koríko sì ti gba ìdí kajú. Ẹni tí n bá ní kó bá mi ro ó ń bẹ̀rù igbó.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni kí n kọ́kọ́ sọ. O ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára lọ́jọ́ yẹn. Nẹ́tíwọ̀kì dára. Ẹnu mi lo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé e láti ìgbà náà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi bá ọ sọ̀rọ̀ bí bàbá kí ó tó di pé o lọ, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé ohùn tí wàá rántí ni èyí.

Mo gbé gìtá lọ sí Ìlọrin lẹ́yìn Àjíǹde. Bọ́sẹ̀dé bá mi lọ. Nígbà tí Abdulkadir ṣí àpótí, ó kọ́kọ́ fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé e. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ẹ jẹ́ kí n fi gìtá mìíràn ṣe é fún yín, kí ẹ gbé èyí padà lọ sílé."

Mo ní rárá.

Ó ní, "Bí mo bá ti gé e, kò sí ẹni tó lè dá a padà."

Mo ní, "Èmi náà kò sí ẹni tó lè dá mi padà. Gé e."

Ọmọ mi, bóyá agídí ni. Gìtá mìíràn ì bá ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí ni ohun tó dára jù nínú ilé mi, n kò sì fẹ́ kí ohun tó dára jù nínú ilé mi jẹ́ ohun tí mo kàn ń wò. Nígbà tí ayùn wọ inú igi rẹ̀, mo yíjú sí títì. Òórùn igi gbígbẹ gba inú ṣọ́ọ̀bù náà kan. Bọ́sẹ̀dé ń sunkún. Mo bá a wí, nítorí kí n má bàa sunkún pẹ̀lú rẹ̀.

Mo kọ́ títa rẹ̀ bí ọmọdé. Ọwọ́ ọ̀tún mi mọ gbogbo ohun tí àtàǹpàkò ń ṣe, kò mọ ibi tí a ń tẹ̀. Ọwọ́ òsì mọ ibi tí a ń tẹ̀, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ìmọ̀ wà nínú ọwọ́ tí kò wúlò. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo rí orin mélòó kan ta, ní ìrọ̀rùn, mo sì sọ fún Wisdom pé n ó ta béèsì lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì.

Wọ́n gbé àga fún mi nítòsí ìlù. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ kí n tó ta nǹkan kan. A bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé béèsì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi etí nìkan gbọ́. Ẹsẹ̀ la fi ń gbọ́ ọ, àyà la fi ń gbọ́ ọ. Mo tẹ okùn, àtàǹpàkò lù ú, ilẹ̀ kò mì. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ló ti kú ju bí mo ṣe rò lọ, mo gbé ti ọ̀tún tẹ ilẹ̀. Ilẹ̀ kò mì. Mo wo ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, iná rẹ̀ ń tàn. Mo wá wo bọ́tìnnì rẹ̀. Wọ́n ti yí i wálẹ̀ pátápátá. Ẹnìkan ti fi ohùn mi pamọ́ kí orin má bàa bàjẹ́, kíbọ́ọ̀dù ló ń ta béèsì lẹ́yìn mi.

Kí ni n bá ṣe? Mo ń ta á lọ. Mo ta á títí orin fi parí, ìjọ sì tún pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá ìjọ wá ń dì mọ́ mi, wọ́n ní ó dùn, wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣe é. Mo ní àmín.

N kò tíì padà síbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo sọ fún Bọ́sẹ̀dé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

O wí bẹ́ẹ̀, o ní kí n má gé e.

Bàbá rẹ,
Akọ́ládé.


Hull,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Òkúdù, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka ìwé yín níbi iṣẹ́, mo ní láti lọ dúró nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè padà sọ́dọ̀ àwọn arúgbó.

Mo ti wí fún yín tẹ́lẹ̀ pé Wisdom kò mọ̀ ju kí ó tú nǹkan lọ. Irú ìwà wo nìyẹn? Níwájú gbogbo ìjọ! N ó kọ̀wé sí i. N ó kọ̀wé sí olùṣọ́-àgùntàn pẹ̀lú. Ọmọ tí ẹ kọ́ ní dùrù nígbà tí kò tíì mọ ọwọ́ tí a fi ń jẹun, òun ló wá pa ohùn yín.

Ẹ dákun, ẹ má sọ pé mo wí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo wí i kì í ṣe èyí. Mo ti ń bèèrè níbí: ẹnìkan wà ní ìlú yìí tó lè lẹ igi mọ́ ọn padà, tí yóò fi ọ̀dà irú ti ilé iṣẹ́ kùn ún, ojú lásán kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó padà sí bó ṣe wà, kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Èmi náà fẹ́ wá. Mo ti ń wo iye ọkọ̀ òfúrufú. Bí ìwé ìgbélùú bá ṣòfò, kó ṣòfò.

Ọmọ yín,
Ilésanmí.


Ọ̀sì,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Òkúdù, 2024.

Ilésanmí ọmọ mi,

Mo kí ọ. Má wá. Mo tún un wí, má wá báyìí. Bí o bá wá tí wọn kò jẹ́ kí o padà, a ó jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, èmi àti ìwọ, a ó máa wo koríko. Dúró gba ìwé rẹ. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí a ríra, a ó ríra. Bí kò bá fẹ́, iṣẹ́ tí ò ń ṣe fún àwọn arúgbó yẹn, èmi ni ò ń ṣe é fún.

Má kọ̀wé sí Wisdom. Ó wá síbí. Bọ́sẹ̀dé ló ránṣẹ́ pè é, n kò mọ̀. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Mo ní kí ó dìde, ó kọ̀. Ó ní, "Bàbá, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún yín ni."

Mo ní, "O lè sọ pé kò dára."

Ó ní, "Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ pé kí o purọ́ nínú orin. Nígbà tó o wà lọ́mọdé, ohun tí kò dára, ṣé mo pàtẹ́wọ́ fún ọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ lẹ́nu mi kí n tó parí rẹ̀. Ó dúró dè mí, kò bá mi fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ó wá ní kí n jẹ́ kí òun rí gìtá. Ó gbé e lé àyà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Okùn gbogbo wà ní òdì. Ó tẹ ibìkan, ohun tí kò retí ló jáde. Ó tún tẹ ibòmíràn. Ọmọ tó ń ta gbogbo ohun èlò orin nílùú yìí, kò rí orin kan ta lórí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, Ilésanmí. Ẹnu mi kò lọ tààrà, itọ́ sì ń dà sí mi lára, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín títí Bọ́sẹ̀dé fi sáré wọlé.

Lẹ́yìn náà mo ní kí ó gbé e fún mi, mo ta á sí i létí, pẹ̀lú ohùn tó jáde síta. Nígbà tí mo parí, mo bi í. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Kò dára, Bàbá." Ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo ní ó ṣeun.

Mo ti sọ fún olùṣọ́-àgùntàn pé kí wọ́n máa lo kíbọ́ọ̀dù wọn lọ. N kò ní ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Iwájú ni mo ń jókòó báyìí, wọ́n sì ń dì mí mú dìde, mo ti gbà fún wọn.

Ní ti pé kí a lẹ igi mọ́ ọn padà: rárá. O ní ojú kò ní mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣe é, ẹni tó bá ní ọwọ́ méjì tó dá ṣáká ni wọ́n ṣe é fún. Òyìnbó rẹ pa á mọ́ bẹ́ẹ̀, bóyá òun náà ń retí kí ọwọ́ tirẹ̀ padà. Tèmi kò ní padà, mo ti mọ̀. N kò ní fi ọ̀dà bò ó.

Mo ń ta á nínú ilé nírọ̀lẹ́. Bọ́sẹ̀dé ti fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó máa fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Gbọ́ ọ, kí o sì sọ òótọ́ fún mi.

Bàbá rẹ,
Akọ́ládé.


Hull,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Agẹmọ, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi.

N kò kọ̀wé sí Wisdom mọ́. N kò sì ní wá báyìí, bí ẹ ṣe wí. Ó le fún mi láti kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀.

Mo gbọ́ orin náà. Ìgbà tí a ń sinmi níbi iṣẹ́ ni, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, mo fi nǹkan sétí. Mo kọ́kọ́ gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni okùn kìn-ín-ní.

Àtàǹpàkò ń pẹ́ kí ó tó dé. Ibi tó yẹ kí ọwọ́ ọ̀tún ti sọ̀ kalẹ̀ láàárín orin, ó ṣìnà, ó dúró, ẹ wá a kiri kí ẹ tó rí i. Okùn kan ń dún gbúú níbi tí ìka kò ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ní ìparí, ẹ ta ohun tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ti àkọ́kọ́ kò jáde. Ẹ ní kí n sọ òótọ́. Kò dára, Bàbá.

Mo tún un gbọ́ nígbà tí mo délé. Mo ti gbọ́ ọ débi pé n kò ka iye ìgbà mọ́.

Ẹ tún gba òmíràn sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ yín,
Ilésanmí.